Dókítà Tó Tún Ìwé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Kọ

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti há sí mi lọ́kàn. Inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé The History of the Yorubas ni mo ti bá a pàdé. Gbogbo wa la mọ ìwé náà, bí ọ̀pọ̀ wa ò tilẹ̀ kà á dé ìdajì. Samuel Johnson, àlùfáà tó wà ní Ọ̀yọ́, ló kọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ oyè ń gbé e lọ sí kóòtù, àwọn àgbà ìlú sì ń bú u lọ́jọ́ tí kò bá gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti Samuel. Ti àbúrò rẹ̀ ni, Dókítà Obadiah Johnson, tó kọ ọ̀rọ̀ olóòtú síwájú ìwé náà. Ó ròyìn bí òun ṣe lọ bá atẹ̀wé kan ní ìlú òyìnbó lọ́dún 1900, láti béèrè ìwé ẹ̀gbọ́n òun tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin náà ní ìwé náà ti ṣì lọ síbìkan, wọ́n wá a, wọn ò rí i, àmọ́ òun ṣetán láti san owó rẹ̀.

Owó rẹ̀, èló? Ìbéèrè yìí máa ń dédé bá mi níbi tí kò yẹ kó ti bá mi: nínú mọ́tò láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, lórí ìlà ní báńkì, nígbà tí àlùfáà bá ń wàásù lọ́wọ́. Ta ni wọ́n fẹ́ pè wá kó díye lé e? Ṣé iye tákàdá ni, àbí iye tàdáwà, àbí iye ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí èèyàn fi jókòó ti àwọn arúgbó, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn?

## Lọ́dọ̀ atẹ̀wé

Ọdún 1897 ni Samuel fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Lọ́dún 1899, wọ́n gba ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ńlá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Obadiah tó wọlé lọ béèrè kì í ṣe àjèjì sí òyìnbó. Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1849. Ó gba ilé ìwé gíga Fourah Bay kọjá, ó kọ́ ìṣègùn ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tún lọ sí Edinburgh, níbi tó ti gba oyè M.D. lọ́dún 1889 pẹ̀lú iṣẹ́ ìwádìí tó dá lórí ìwòsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti ṣe dókítà ìjọba ní Èkó fún ọdún gbọọrọ. Wọn ò lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dẹ́rù bà á, wọn ò sì lè sọ pé kò mọ bí ọ́fíìsì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún 51 ni, agbádá rẹ̀ tàbí kóòtù rẹ̀ (ẹ fi èyí tó bá wù yín wọ̀ ọ́, èmi máa ń fi kóòtù wọ̀ ọ́) ti gbó sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi dá a lóhùn ni ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ san owó rẹ̀. Samuel kò ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó máa ro ìtàn. Ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́, ẹnu àwọn arọ́kin ló ti gbà á. Ti ayé Aláàfin Abíọ́dún wá sísàlẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ló tọ̀ lọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó dárúkọ díẹ̀ nínú wọn: David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, Lágúnjù, tó ti jẹ Tìmì Ẹdẹ rí. Ojú òun náà kúkú tó o. Bàbá wọn kó ilé wá sí Ìbàdàn láti Sàró lọ́dún 1858, láti bá míṣọ́nnárì David Hinderer ṣiṣẹ́ ìjọ ní Kúdẹtì, nítorí náà ọmọdé ni Samuel àti Obadiah nígbà tí ogun Ìjàyè gbóná, tí ebi ń pa ilé míṣọ́nnárì. Samuel kọ ọ́ pé kì í ṣe pé ó wu òun kí orúkọ òun hàn nínú ìwé. Ìfẹ́ ilẹ̀ bàbá òun ló sún òun ṣe é, kí ìtàn má bàa parẹ́, torí àwọn àgbà ń kú lọ.

Àwọn àgbà ń kú lọ. Gbólóhùn yẹn gan-an ló sọ owó atẹ̀wé di ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn létí mi. Ẹni tó bá sọ ìwé Bíbélì mi nù lè ra òmíràn fún mi. Ẹni tó bá sọ ẹnu arúgbó nù, ọjà wo ni yóò lọ?

Obadiah fura. Ó kọ ọ́ pé ó ya òun àti gbogbo ọ̀rẹ́ òun tó gbọ́ lẹ́nu, pé àwọn rò pé ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe hàn lójú lọ, torí àwọn nǹkan mìíràn tó rọ̀ mọ́ ìsọnù náà. Lẹ́yìn èyí ló ní àwọn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ atẹ̀wé, kò dárúkọ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì.

Ẹnìkan tí mo sọ fún ní, "Ojo ni dókítà yín." Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé tó nípọn tó báyẹn, ìlú òyìnbó náà ni yóò padà sí. Ojú kan náà ni wọn yóò tún jọ rí. Ó tún ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tó ju ìjà lọ. Àti pé ṣé ó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Ó gbé ìfura rẹ̀ síwájú ìwé gan-an, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ṣí i yóò ti kọ́kọ́ kan án, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Samuel ṣì wà láyé nígbà náà. Àbúrò yìí ló ní láti gbé ìròyìn náà délé. Ìṣirò rẹ̀ ò ṣòro: ọdún 1900 ni ó lọ béèrè, oṣù kẹrin ọdún 1901 ni Samuel kú.

## Ìwé pélébé inú ọ̀rá

Iṣẹ́ káàdì ni mo ń ṣe, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹni tí kò bá tíì wọ yàrá tí wọ́n ń kó káàdì aláìsàn sí rí, ẹ jẹ́ kí n mú un wọlé. Àtẹ onírin ló tò lọ dé òkè àjà. Fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ ló kún orí wọn, tí ìka ọwọ́ ti fọwọ́ kàn títí etí wọn fi rọ̀ bí aṣọ. Ibi tí òrùlé ti ń jò, a gbé ike síbẹ̀. Ibi tí ikán ti dé ká tó mọ̀, a kó ohun tó ṣẹ́ kù jọ, a fi okùn dì í. Nọ́ńbà la fi ń wá káàdì. Bí ẹni tó kó o sí àtẹ lánàá bá ka 6 sí 9, ó di kí Ọlọ́run bá wa wá a.

Bí a bá wá a tì, ọ̀rọ̀ kan ló wà tí wọ́n ń sọ fún aláìsàn: "Ẹ lọ san owó káàdì tuntun." Òyìnbó atẹ̀wé yẹn kúkú sàn jù wá lọ, torí òun tó sọ ọ́ nù ló ní òun máa sanwó. Níbi tiwa, ẹni tí a sọ tirẹ̀ nù ló ń san án.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan dé, ó ti lé dáadáa ní àádọ́rin ọdún. A tú àtẹ, a ò rí káàdì wọn. Ọmọ tó wà lójú fèrèsé sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ.

"Tuntun kẹ̀?" Mama ò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ti ń bá yí láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, ṣé ó wà nínú tuntun yẹn?"

Ọmọ náà ò rí èsì fọ̀. Mama bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fa ọ̀rá dúdú kan yọ nínú báàgì wọn, wọ́n tú u. Ìwé pélébé pélébé ló kún inú rẹ̀: ìwé oògùn láti ọdún wo ọdún wo, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí epo pupa ti kán sí, rìsíìtì, páálí oògùn tí wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọdé kan báyìí tí kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ìwé, tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ọjọ́ ní ọjọ́. Ó ń béèrè, Mama ń dáhùn. Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ oògùn yìí? Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi wú. Ẹsẹ̀ wo? Àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọ̀kan tilẹ̀ ṣépè. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó parí, àmọ́ nígbà tí káàdì tuntun yẹn dé ọ̀dọ̀ mi, ìtàn àtijọ́ ti wà nínú rẹ̀.

Ẹnu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Obadiah wà. Ó ní òun tún ìtàn náà kọ látòkèdélẹ̀ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun fi sílẹ̀. Ká ní Samuel jẹ́ irú àwa tí a máa ń kó ìwé tí a ti kọ tì fún ẹlẹ́pà ni, tó bá sọ pé èyí tó mọ́ ti lọ sí ìlú òyìnbó, kí lẹ̀ ń fi èyí tó dọ̀tí ṣe, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lórí èyí ni pé a máa ń yin ẹni tó kọ ìwé, a máa ń yin ẹni tó tẹ̀ ẹ́; ẹni tó fi pàǹtí ìwé pamọ́ sínú àpótí, kò sẹ́ni tó ń kì í.

## Ogún ọdún mìíràn

Kì í ṣe pé Samuel kú lónìí, Obadiah gbé kálàmù lọ́la. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà mú ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì, iṣẹ́ òòjọ́ òun ò sì jẹ́ kí òun ráàyè. Ìjọba ti fi í sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, níbi tí òun àti ìwọ̀nba ọmọ ilẹ̀ yìí bíi mélòó kan ti ń jókòó láàárín òyìnbó. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára ìtàn pátápátá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ Lagos Institute, ó ka ọ̀rọ̀ lórí bí Èkó ṣe rí láyé àtijọ́.

Ẹ fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn dókítà dúdú nígbà náà wé e. Owó tí ìjọba ń san fún wọn kéré sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà. Obadiah kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní 1897. Lọ́dún 1902, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìṣègùn kan sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Èèyàn tó gba M.D. ní Edinburgh, tó ti wo aláìsàn òyìnbó àti dúdú sàn, wọ́n wá sọ fún irú rẹ̀ pé àwọ̀ ara ò jẹ́. Ìgbà tí mo ka èyí ni mo tó rí i pé ìwé tó ń kọ kì í ṣe ìṣẹ́jú ìgbafẹ́ dókítà tó ti jẹun yó. Wọ́n ń sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ lójoojúmọ́ pé wọn ò ní àná.

Nígbà tó yá, ó parí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, ó fi ìwé náà sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Appam, ó di ìlú òyìnbó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ogun Jámánì ń lọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Möwe, dá Appam lọ́nà lójú òkun, ó gbà á. Gbogbo ayé rò pé ó ti rì. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ló ṣàdédé yọ ní etíkun Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun Jámánì ló ń wà á. Amẹ́ríkà ò tíì bá wọn dá sí ogun nígbà náà, ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọn ò sì dá a títí di ọdún 1917 pé kí wọ́n dá ọkọ̀ padà fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn Aláàfin Àjàká, ti Ààrẹ Kúrunmí, ti Látòósà, gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹrù níbẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa dé, tákàdá ti wọ́n bí ojú, wọ́n ní ká dúró kí ogun parí. Wọ́n dá a padà sí Obadiah. Ó ní kí òun má bàa tún pàdánù rẹ̀, òun máa fi taipuráítà tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Tákàdá ẹ̀rọ náà tún di ọ̀wọ́n. Bí mo bá dé ibí yìí, ẹ̀rín máa ń pa mí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Obadiah kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921, ó lé ní ẹgbẹ̀ta ojú-ewé.

## Àwa Oǹdó ńkọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé mi tó ń kà mí ti ń gbin báyìí: kí ló ń yin ìwé tó bú wa fún? Ẹ̀jọ̀wọ́, mo ń bọ̀.

Àkọ́kọ́, Samuel mọ ẹni tí a jẹ́. Lọ́dún 1886, tí Gómìnà Èkó ń wá bí ogun Kírìjì ṣe máa parí, àlùfáà méjì ló rán lọ láàárín àwọn jagunjagun: Samuel Johnson láti Ọ̀yọ́, àti Charles Phillips láti Oǹdó. Phillips ti wà lọ́dọ̀ wa láti 1877, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ jọ ń bọ̀ láàárín bùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Oǹdó kò jìnnà sí etí ẹni tó kọ ìwé.

Síbẹ̀ ohun tó kọ nípa ìpìlẹ̀ wa ni pé ọ̀kan nínú olorì Aláàfin Àjàká ló bí ìbejì. Àsìkò tí wọ́n ń pa ìbejì ni, ọba ò fẹ́ pa wọ́n, ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ àti ìyá wọn lọ síbi tó jìnnà, ibẹ̀ ló di Oǹdó, láàárín àwọn Ìdókò tí wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ bi ọmọ Ẹ̀kìmògún, ìyẹn ọmọ Oǹdó, èyíkéyìí. Ohun tí yóò sọ fún yín ni pé Púpùpú, obìnrin tí wọ́n bí ní ìbejì, ni Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó, àkọ́kọ́, pé ọmọ Odùduwà ni, àti pé Ilé-Ifẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe Ọ̀yọ́. Yóò fi kún un pé ìdí nìyẹn tí Lóbùn fi jẹ́ ọba obìnrin láàárín wa títí dòní, tí ọwọ́ rẹ̀ sì fi wà nínú ìfọbajẹ.

Ọ̀rọ̀ ìbejì wà nínú méjèèjì. Ibí ni wọ́n ti yapa: ìwé gbé ìyá lọ sí ààfin Ọ̀yọ́, àwa gbé ọmọ lọ sí ilé Odùduwà. Ìyẹn ò sì kéré, torí ìwé tó bá sọ ọ́ di ọmọ Ọ̀yọ́ ti sọ ọ́ di àbúrò Ọ̀yọ́. Bàbá àwọn Johnson gan-an, ìran Aláàfin Abíọ́dún ni wọ́n ń pè é. Ojú Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn òpìtàn ti ń wí i tipẹ́, àwa náà ò yéé wí i. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ṣùgbọ́n níbo ni tiwa wà? Mo ti gbọ́ ẹjọ́ Púpùpú ní ìpàdé ìdílé, ní ìgbà ọdún Ẹ̀kìmògún, ní ibi òkú, láti ẹnu àwọn àgbà tó gbọ́n jù mí lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń mì ìka sí Johnson. Àwọn díẹ̀ ló ti jókòó kọ ojú-ewé mẹ́wàá. Ìlú tó ti tú ká rí, tí àwọn èèyàn rẹ̀ lọ gbé Òkè-Ọ̀pá kí wọ́n tó padà sílé ní 1872, ó yẹ kó ti mọ̀ bí nǹkan ṣe ń jábọ́ lójú ọ̀nà. Johnson méjèèjì, ẹ̀tanú wọn wà nínú ìwé, mi ò ní bò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà wà níbẹ̀. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó nínú tiwọn, kíkọ ló máa tún un ṣe, ariwo ò lè tún un ṣe.

Ẹ̀sùn tí Samuel fi kan àwọn ọ̀mọ̀wé ayé rẹ̀ náà ni pé wọ́n mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Róòmù àti ti Gíríìsì, wọn ò mọ ti ilé wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, mo máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìṣègùn tó wà ní Oǹdó níbí, nínú aṣọ funfun wọn tó gún régé, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ ọ rí pé dókítà ló tún ìtàn Yorùbá kọ. N kì í bi wọ́n. Ẹnu fọ́tò ni wọ́n wà.

## Orúkọ iwájú ìwé

Ó ku ibi tí mo fẹ́ kẹ́yìn sí. Ìwé tó sọnù, Samuel ló kọ ọ́. Ìwé tí à ń kà lónìí, ọwọ́ Obadiah ló kọ ọ́ láti inú pàǹtí Samuel. Ọ̀rọ̀ wo ni ti ẹ̀gbọ́n, èwo ni ti àbúrò? Àwọn òpìtàn ń bá ìyẹn yí. Kò sẹ́ni tí ìbá bá Obadiah jà ká ní ó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí iwájú ìwé náà ní ìdọ́gba. M.D. ni, ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni, Èkó mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ àlùfáà Ọ̀yọ́ lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ Samuel sí ipò òǹkọ̀wé, ó fi ara rẹ̀ sí ipò olóòtú, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọdún 1897 lábẹ́ rẹ̀. Àwa tí a ń jà nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú lórí káàdì ìpè òkú, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́ ilẹ̀ bàbá ẹni, èyí ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí kò ní ìlù nínú.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí ìyá wọn jẹ́ ọ̀gá nínú orin Ọ̀bìtún, tó sì tún mọ ìtàn Púpùpú ní oríṣi tí mi ò gbọ́ níbòmíràn. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Baba ń sọ, mo ń fi fóònù gbà á sílẹ̀, mo ń kọ ọ́ lálẹ́, mo ń kà á fún wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń bú mi. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́. Èyí tí mo ti fi kálàmù pa rẹ́ rẹ́, mi ò sọ ọ́ nù. Ìjà tó gbóná jù tí a ti jà kò tilẹ̀ kan Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́.

"Orúkọ ta lo máa kọ síwájú?"

"Tiyín ni, Baba."

"Tèmi bíi ti báwo? Ṣé èmi ni mo bí ara mi ni? Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi, sà."

"Mo sọ ọ́, o kọ ọ́, ìyá mi ló ni ín."

Ọmọ wọn gbọ́ lórí fóònù, ó ní kí á kọ orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí a ṣe dàgbà sí. Baba ní orúkọ mẹ́ta á ti pọ̀ jù fún ìwé tí kò tíì nípọn tó ìwé àdúrà, kí n kọ́kọ́ wá jókòó ká máa bá a lọ.